Ọ̀rọ̀ jíìnì kọ́ ni ọ̀rọ̀ ìdílé: lórí àrùn mùdùnmúdùn tó ń le

Ẹ̀yin Olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá. Ọjọ́ pẹ́ tí mo ti ń ka ìwé ìròyìn yín, ojú ewé ìlera ni mo sì máa ń kọ́kọ́ ṣí, torí náà kì í ṣe ọ̀tá yín ló ń kọ lẹ́tà yìí. Inú mi dùn nígbà tí mo rí i pé ẹ kọ nǹkan nípa àrùn tó ń mú kí mùdùnmúdùn inú egungun le gbagidi, èyí tí àwọn dókítà ń pè ní myelofibrosis, torí àwọn tó gbọ́ orúkọ ẹ̀ rí ò pọ̀. Àmọ́ gbólóhùn kan wà níbẹ̀ tó dùn mí wọra. Ẹ ní àrùn jíìnì ni, pé ìdí nìyẹn tó fi máa ń rìn nínú ìdílé. Ọmọbìnrin ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló fi fóònù ya fọ́tò gbólóhùn yẹn tó fi ránṣẹ́ sí mi lóru, ohun tó kọ sábẹ́ ẹ̀ ò ju "Àǹtí, ṣé èmi náà ti ní i nìyẹn?" lọ.

Èmi kì í ṣe dókítà o. Ẹ̀gbọ́n mi ló ní àìsàn náà, èmi ni mo ń bá a gbé fáìlì láti ọsibítù kan sí òmíì, mo sì ń béèrè ìbéèrè títí ó fi ń sú àwọn nọ́ọ̀sì. Ohun tí mo fẹ́ kọ síbí ni ohun tí mo fojú ara mi rí àti ohun tí mo lọ kà nígbà tí oorun ò kun mi mọ́.

Ó bẹ̀rẹ̀ bí àárẹ̀ lásán. Ọkùnrin tó jẹ́ pé òun ló máa ń jí gbogbo ilé, ó wá di ẹni tó máa kọ́kọ́ jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì kó mí dáadáa kó tó lè ki ẹsẹ̀ bọ bàtà. Lóru, òógùn á bò ó débi pé a máa pààrọ̀ aṣọ bẹ́ẹ̀dì lẹ́ẹ̀mejì. Tó bá jẹun bíi ṣíbí mẹ́rin á ní òun ti yó, a sì rò pé ńṣe ni oúnjẹ ò wù ú, a ò mọ̀ pé sípílíìnì ẹ̀, ohun tí àwọn àgbà ń pè ní ọlọ inú, ló ti wú tó ń fún àpòlúkù ẹ̀ pa. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ wò, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ò tó lára, wọ́n fún un ní oògùn áyọ́ọ̀nù. Ó lò ó, kò sí ìyàtọ̀. Wọ́n tún fún un. Kò sí ìyàtọ̀.

Ìgbà tó yá ni wọ́n ní ká lọ fa mùdùnmúdùn wò. Mo wà níbẹ̀. Wọ́n ní kó fẹ̀gbẹ́ dùbúlẹ̀ kó ká orúnkún sókè, wọ́n gún un lábẹ́rẹ́ tó ń pa ara kú lẹ́yìn ìbàdí níbi tí egungun ti yọ, wọ́n wá ki abẹ́rẹ́ ńlá bọ inú egungun náà, wọ́n fi sírínjì fà á. Nǹkan kan ò jáde. Wọ́n yí abẹ́rẹ́ yẹn díẹ̀, wọ́n tún fà, ẹ̀gbọ́n mi di ọwọ́ mi mú débi pé òrùka mi fẹ́ẹ̀ wọ inú ẹran ìka mi, sírínjì ṣófo, àfi ẹ̀jẹ̀ bíntín tó kan lẹ̀ mọ́ ẹnu ẹ̀. Rísọ́ọ̀tì tó jáde ní ohun tí wọ́n fà ò tó yẹ̀ wò. Wọ́n fi bébà yẹn sínú fáìlì, ó parí, oògùn áyọ́ọ̀nù la tún padà sí fún oṣù 8. Mi ò ní dárúkọ ọsibítù yẹn. Ohun tí mo fẹ́ káwọn tó ń ka ìwé yín mọ̀ ni pé oṣù 8 yẹn ló dùn mí jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, torí sírínjì tó ṣófo yẹn ti sọ̀rọ̀, kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ ni.

Dókítà ẹ̀jẹ̀ kan, màmá àgbàlagbà kan báyìí, ló gbọ́ ọ. Ó ka bébà yẹn lẹ́ẹ̀kan, ó ní abẹ́rẹ́ tó bá wọ inú egungun tí ò rí nǹkan fà, ẹ má kàn gbà pé ẹni tó di abẹ́rẹ́ mú ni ò mọ iṣẹ́, ó lè jẹ́ pé mùdùnmúdùn yẹn ti kún fún okùn ni, bí ìgbà téèyàn fẹ́ fi sítíróò fa nǹkan tó ti dì. Ó ní kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ ẹ̀, kí wọ́n tẹ́ ẹ sórí síláìdì, kì í ṣe kí ẹ̀rọ kàn ka iye ẹ̀ nìkan. Ó pè mí kí n wá wo inú máíkíróskóòpù. Mo rò pé mi ò ní rí nǹkan kan tó máa yé mi, àmọ́ kódà ọmọdé máa rí i: sẹ́ẹ̀lì pupa tó yẹ kó rí roboto bí owó wẹ́wẹ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn ti nà lápá kan, ó ní ìrù, gẹ́gẹ́ bí omi ojú tó fẹ́ kán. Teardrop gan-an sì ni wọ́n ń pè é ní èdè òyìnbó. Ó tún fi àwọn kan hàn mí tó ṣì ní kókó nínú, ó ní sẹ́ẹ̀lì pupa tí ò tíì gbó nìyẹn, inú mùdùnmúdùn ló yẹ kó ṣì wà, kò yẹ ká rí i nígboro ara àgbàlagbà. Àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun tí ò tíì gbó náà wà níbẹ̀. Ilé tí wọ́n ti ń tọ́ wọn ti fún mọ́ wọn, wọ́n ti tì wọ́n síta láìtọ́jọ́.

Sípílíìnì tó wú náà wá yé mi lọ́jọ́ yẹn. Nígbà téèyàn ṣì wà nínú oyún, ẹ̀dọ̀ àti sípílíìnì wà lára ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń jáde, kí mùdùnmúdùn tó gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ wọn. Tí mùdùnmúdùn bá wá le tí àyè ò sí mọ́, àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń bí ẹ̀jẹ̀ á ṣí lọ, sípílíìnì á tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tó ti fi sílẹ̀ látọjọ́ tó ti pẹ́, á sì máa tóbi.

Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n wá gé bàyọ́psì, ìyẹn ni pé wọn ò kàn fà, wọ́n gé egungun tín-ín-rín kan jáde tòun ti mùdùnmúdùn inú ẹ̀, ó gùn tó èékánná ìka ọwọ́ mi. Èyí ò ṣeé fò o, ẹ jọ̀ọ́. Ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá fa mùdùnmúdùn ẹ̀ tí ò jáde, ìgbésẹ̀ tó kàn ni bàyọ́psì, kì í ṣe kí wọ́n sọ fún un pé kó máa lọ sílé. Ní láàbù, wọ́n máa ń fi nǹkan tó ní fàdákà nínú kun ún, okùn wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń pè ní reticulin á wá yọ dúdú lórí síláìdì. Mùdùnmúdùn tó dáa ní okùn díẹ̀ tó fọ́nká. Látọdún 2005 ni àwọn onímọ̀ ní Yúróòpù ti fẹnu kò lórí bí wọ́n ṣe máa fún un ní máàkì, láti MF-0 títí dé MF-3. MF-0 ni ti ẹni tára ẹ̀ dá, ní MF-1 okùn ti ń kọjá lórí ara wọn, ní MF-2 ó ti pọ̀ ó ti nípọn káàkiri, tó bá fi máa dé MF-3 okùn nínípọn tí wọ́n ń pè ní collagen ti wọ̀ ọ́, egungun inú ibẹ̀ pàápàá lè ti máa nípọn sí i. Ti ẹ̀gbọ́n mi jẹ́ MF-2.

Ibi tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ bá mi dé rèé, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà. Okùn yẹn kọ́ ni àrùn. Àpá ni. Ẹni tó bá ní àpá lójú, ó lè jẹ́ iná ló jó o, ó lè jẹ́ ọ̀bẹ, ó lè jẹ́ pé ó ṣubú. Mùdùnmúdùn náà nìyẹn. Jẹjẹrẹ tó ti ibòmíì wá, bíi ti ọmú tàbí ti próstéètì, lè ràn wọ inú egungun kó dá irú okùn yẹn sílẹ̀. Ikọ́ ẹ̀gbẹ tó bá wọ inú mùdùnmúdùn lè ṣe é. Lupus, ìyẹn kí ọmọ ogun ara máa bá ara fúnra ẹ̀ jà, lè ṣe é. Àìtó fítámì D tó le gan-an nínú ọmọdé, kíndìnrín tó ti bàjẹ́ tó wá ń da egungun rú, oríṣi jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ mélòó kan tí hairy cell leukemia jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, gbogbo wọn ló lè ṣe é, àwọn kan nínú wọn sì wà tó jẹ́ pé tí wọ́n bá ti tọ́jú ohun tó fà á, okùn yẹn á dín kù tàbí kó tiẹ̀ lọ. Ṣé ẹ wá rí i pé dókítà tó bá rí okùn tó sì sọ pé myelofibrosis ni láìwádìí ohun tó fà á, ó lè ṣi èèyàn lọ́nà lọ sí ìtọ́jú tí kì í ṣe tiẹ̀.

Kódà nínú myelofibrosis gidi, àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń hun okùn yẹn kọ́ ni ọ̀daràn àkọ́kọ́. Ní 1978, àwọn onímọ̀ kan, Jacobson àti Salo àti Fialkow, lo ọgbọ́n kan tó wú mi lórí láti fi hàn bẹ́ẹ̀. Obìnrin ní krómósóómù X méjì, àmọ́ sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan ń lo ẹyọ kan, torí náà obìnrin tó bá jogún oríṣi méjì G6PD, púrótíìnì kan tí jíìnì ẹ̀ wà lórí X, sẹ́ẹ̀lì ẹ̀ kan á máa lo oríṣi àkọ́kọ́, òmíì á máa lo ìkejì, wọ́n á dà pọ̀. Nígbà tí wọ́n wo obìnrin tó ní àrùn yìí, oríṣi kan ṣoṣo ni gbogbo sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ ń lò, ìyẹn ni pé ọmọ ìyá kan ni gbogbo wọn, àmọ́ oríṣi méjèèjì wà nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń hun okùn. Ẹ̀jẹ̀ ló ṣàìsàn. Sẹ́ẹ̀lì ńlá tí wọ́n ń pè ní megakaryocyte, èyí tó ń ṣe pílétílẹ́ẹ̀tì, àwọn nǹkan wẹ́wẹ́ tó ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, á pọ̀ jù, ìrísí ẹ̀ á dàrú, á máa tu àwọn nǹkan bíi TGF-beta sílẹ̀, ìyẹn ló ń rán àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń hun okùn níṣẹ́. Iṣẹ́ tí wọ́n rán wọn ni wọ́n ń jẹ́.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ jíìnì, èyí tó gbé mi jókòó tí mo fi ń kọ̀wé.

Ní 2005, ọ̀wọ́ onímọ̀ mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló rí i fẹ́rẹ̀ẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà pé lẹ́tà kan ṣoṣo ti yí nínú jíìnì JAK2 àwọn tó ní irú àrùn ẹ̀jẹ̀ báyìí. G di T. Lẹ́tà ẹyọ kan péré o, nínú bílíọ̀nù 3 lẹ́tà tó wà nínú DNA èèyàn. Nítorí ìyẹn, valine, ọ̀kan lára àwọn bíríkì tí wọ́n fi ń mọ púrótíìnì, tó yẹ kó wà ní ipò 617 nínú púrótíìnì tí jíìnì yẹn ń ṣe á lọ, bíríkì míì tó ń jẹ́ phenylalanine á gba ipò ẹ̀, ìdí tí wọ́n fi ń pè é ní V617F nìyẹn, púrótíìnì náà á sì dà bíi súwíìṣì tó ti há mọ́ ibi tó ti ń tànmọ́lẹ̀, á máa sọ fún sẹ́ẹ̀lì pé kó máa bímọ, kó máa bímọ, láìsí pé ara béèrè. Tó bá jẹ́ polycythemia vera, níbi tí sẹ́ẹ̀lì pupa ti ń pọ̀ jù, ó lé ní 95 nínú 100 tó máa ní in. Tó bá jẹ́ myelofibrosis tàbí essential thrombocythemia, èyí tí pílétílẹ́ẹ̀tì ti ń pọ̀ jù, ó jẹ́ bíi 50 sí 60 nínú 100. Ní 2006 wọ́n rí ti jíìnì MPL, ìyẹn ò pọ̀. Ní ìparí 2013 ni wọ́n wá rí ti jíìnì CALR, òun ló sì ṣàlàyé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọn ò ní méjì tó kù, bíi 25 sí 30 nínú 100 àwọn tó ní myelofibrosis ló ní in. Ó ṣì ku bí ẹni 10 nínú 100 tí wọn ò rí ìkankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lára wọn, àrùn náà sì wà lára wọn bó ṣe wà. Torí náà, rísọ́ọ̀tì tó ní "a ò rí JAK2" ò túmọ̀ sí pé ẹ lè máa lọ sílé.

Bẹ́ẹ̀ sì ni "a rí JAK2" nìkan ò tó. Wọ́n ti rí i díẹ̀díẹ̀ lára àwọn tí ò ní àìsàn kankan, pàápàá tí ọjọ́ orí bá ti lọ. Wọ́n tún gbọ́dọ̀ wo BCR-ABL1, nǹkan tó ń wá láti ara krómósóómù Philadelphia tí Nowell àti Hungerford rí ní 1960, torí CML, jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ tíyẹn ń fà, lè mú mùdùnmúdùn le bákan náà, ìtọ́jú ẹ̀ sì yàtọ̀ pátápátá. Síláìdì ẹ̀jẹ̀, ìwọ̀n LDH (nǹkan kan tí wọ́n ń wọ̀n nínú ẹ̀jẹ̀, tó máa ń ga tí sẹ́ẹ̀lì bá ń bàjẹ́), sípílíìnì, bàyọ́psì, jíìnì, gbogbo wọn ló máa jókòó pọ̀ kí dókítà tó sọ orúkọ àìsàn. Ti ẹ̀gbọ́n mi, CALR ni wọ́n rí, oríṣi àkọ́kọ́, èyí tí lẹ́tà 52 já kúrò nínú ẹ̀, dókítà sì sọ fún wa pé ìyẹn máa ń jẹ́ kí ọ̀nà gùn ju tàwọn tó kù lọ. Ó tún wo àyípadà nínú jíìnì míì tó ń jẹ́ ASXL1, torí pé ìyẹn tó bá wà ń fi hàn pé àrùn náà lè yára, kò sí níbẹ̀. Mi ò lè ṣàlàyé bí ara ṣe fúyẹ́ mi lọ́jọ́ yẹn.

Àmọ́ níbo ni àyípadà yìí ti wá? Sẹ́ẹ̀lì pupa nìkan, nǹkan bíi bílíọ̀nù 200 ni ara ń ṣe lójoojúmọ́. Àwọn sẹ́ẹ̀lì ìyá tí gbogbo wọn ti ń wá náà gbọ́dọ̀ máa pín, tí wọ́n bá sì ti ń pín wọ́n gbọ́dọ̀ máa da DNA kọ, láti kékeré títí dọjọ́ ogbó. Ìgbà kan á wà tí ọ̀kan máa ṣi lẹ́tà kọ. Sẹ́ẹ̀lì ìyá ẹyọ kan. Òun àti àwọn ọmọ ẹ̀ ló máa ní àṣìṣe yẹn, awọ ara ò ní in, ọpọlọ ò ní in, ẹyin obìnrin àti àtọ̀ ọkùnrin ò ní in. Ohun tí ò sí nínú àtọ̀ bàbá, báwo ló ṣe máa dé ara ọmọ? Ní 2022, àwọn onímọ̀ ka DNA sẹ́ẹ̀lì lọ́kọ̀ọ̀kan lára àwọn aláìsàn mélòó kan, wọ́n sì ṣírò rẹ̀ pé lára àwọn kan, inú oyún tàbí kékeré ni JAK2 yẹn ti yí, ọ̀pọ̀ ọdún kí àìsàn tó yọjú. Kódà ìyẹn náà, ara ọmọ yẹn ló ti ṣẹlẹ̀, kì í ṣe pé bàbá tàbí ìyá ló gbé e fún un.

Mi ò ní fi nǹkan pa mọ́ fún yín, torí mi ò fẹ́ kí ẹlòmíì wá tún tèmi ṣe. Ìwádìí ńlá kan tí wọ́n ṣe ní Sweden ní 2008 fi hàn pé àwọn ọmọ, òbí àti ọmọ ìyá ẹni tó ní irú àrùn ẹ̀jẹ̀ báyìí ní ewu tó tó ìlọ́po 5 sí 7 ti ẹlòmíì. Nǹkan díẹ̀ wà tí wọ́n ń jogún tó lè jẹ́ kí àṣìṣe yẹn rọrùn láti ṣẹlẹ̀ tàbí láti fìdí múlẹ̀. Àmọ́ ìlọ́po 7 ohun tó kéré gan-an, ó ṣì kéré, èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ìdílé wọ̀nyí, ẹnì kan ṣoṣo ló máa ní in. Àwọn tó ń jogún nǹkan gidi náà wà, àmọ́ wọn ò wọ́pọ̀ rárá, bíi gray platelet syndrome, àìsàn pílétílẹ́ẹ̀tì kan tí àṣìṣe nínú jíìnì NBEAL2 ń fà, tàbí àwọn ọmọ ọwọ́ tí mùdùnmúdùn wọn le torí àṣìṣe nínú jíìnì VPS45. Tó bá jẹ́ ọmọ kékeré ló ń ṣe, ó yẹ kí dókítà béèrè ọ̀rọ̀ ìdílé lóòótọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ti lé ní 60 ọdún. Ọ̀rọ̀ tiẹ̀ yàtọ̀.

Gbólóhùn yín wá dé ọ̀dọ̀ ọmọ ẹ̀ bí ìdájọ́. Òun àti ọkọ ẹ̀ ń múra àtibí àkọ́bí wọn, ó ní kí wọ́n dá a dúró. Kò sọ fún bàbá ẹ̀. Bàbá ẹ̀ ló pè mí, tó ń bi mí pé kí ló dé tí ọmọ òun ò fẹ́ wá kí òun mọ́, ṣé òun ṣẹ̀ ẹ́ ni. Mo mọ̀ pé kì í ṣe pé kò fẹ́ kí i. Ẹ̀rù bà á láti wo ojú bàbá ẹ̀ kó máa rí ara ẹ̀ níbẹ̀. Nígbà tí a jọ lọ rí dókítà màmá yẹn, ohun tó sọ fún un ò tó ìṣẹ́jú márùn-ún: ohun tó ṣẹlẹ̀ sí bàbá rẹ, inú ẹ̀jẹ̀ bàbá rẹ ló ti ṣẹlẹ̀, kò sí ìdí tó o fi máa lọ yẹ jíìnì wò nígbà tára ẹ dá, tí ọkàn ẹ ò bá balẹ̀, jẹ́ kí wọ́n ka ẹ̀jẹ̀ ẹ bí wọ́n ṣe ń ka ti gbogbo èèyàn. Ọmọ yẹn sunkún nínú ọkọ̀ títí a fi délé.

Ẹ̀gbọ́n mi ti ń lo ruxolitinib báyìí, oògùn tí wọ́n fọwọ́ sí ní Amẹ́ríkà ní ìparí 2011, kò ní kí àrùn náà lọ, àmọ́ sípílíìnì ti fà sẹ́yìn, òógùn òru ti dáwọ́ dúró, ó sì ti ń jẹun. Pípààrọ̀ mùdùnmúdùn nìkan ló lè mú un kúrò pátápátá, kì í ṣe gbogbo ara ló sì lè gbà á, dókítà ṣì ń wò ó.

Torí náà, ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún ni pé kí ẹ tún gbólóhùn yẹn kọ. Ẹ lè sọ pé àyípadà jíìnì ló ń fà á, òótọ́ nìyẹn, àmọ́ ẹ fi kún un pé inú ẹ̀jẹ̀ onítọ̀hún ló ti ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n ti lóyún ẹ̀, kì í ṣe ohun tó gbà lọ́wọ́ òbí ẹ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti gbọ́ ọ lẹ́nu dókítà, ó sì ti gbọ́ ọ lẹ́nu mi, àmọ́ ó ní ojú ewé kan náà tí òun ti rí ti àkọ́kọ́ lòun fẹ́ ti rí i, kóun lè ya fọ́tò ẹ̀ ránṣẹ́ sí ọkọ òun.

Èmi ni tiyín,
Àbúrò aláìsàn kan